Ọmọ tó ní "èmi kì í ṣe òǹkàwé": báwo lẹ ṣe ń ràn án lọ́wọ́ kó mọ irú òǹkàwé tó jẹ́?

TíṣàKíláàsìKẹrin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, gbogbo ilé pátá. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni àwọn tí mò ń kọ́. Mo ní kí kálukú kọ gbólóhùn kan péré nípa irú òǹkàwé tó jẹ́, mi ò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ torí mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo gba bébà wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ máàkì ni gbogbo wọn kọ. "Mo wà ní gúrúùpù kejì." "Mi ò yára." "Mo máa ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá." Ọ̀kan wá kọ ọ́ gbàǹgbà pé "èmi kì í ṣe òǹkàwé", ọmọ yẹn náà sì rèé, ẹ sáà ti dárúkọ kòkòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á sọ iye ẹsẹ̀ tí aláǹtakùn ní fún yín, á sọ ìdí tí wọn ò fi ka aláǹtakùn mọ́ kòkòrò, á sọ pé ìwo orí ni èèrà fi ń gbóòórùn. Ibo ló ti rí gbogbo ìyẹn tí kò bá kàwé?

Ohun tí mo ń wá ni ọ̀nà tí àwọn ọmọ yìí á fi mọ ara wọn nídìí ìwé, ohun tó wù wọ́n, ohun tó ń sú wọn, bí wọ́n ṣe ń yàn, láìjẹ́ pé èmi náà tún sọ ọ́ di ìdánwò mìíràn fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe?

Olùtọ́júLáíbìrì
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ gbé "ìwé wo lo fẹ́ràn jù" tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí ọmọ tí kò tíì ní ìwé kankan tó fẹ́ràn á kàn dárúkọ èyí tí tíṣà kà fún wọn kẹ́yìn ni kó lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í ní ohun tó lè dáhùn. Kí ló kà kẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò rán an? Ṣé ìjókòó ló ti ń kàwé àbí ìdùbúlẹ̀? Tí ìwé bá ti sú u, kí ló máa ń ṣe? Ta ló máa ń kàwé sí i létí nígbà tó kéré? Tó bá ń kà, ṣé àwòrán ló ń rí lọ́kàn àbí ohùn ló ń gbọ́? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn, torí kálukú rò pé bó ṣe ń ṣe òun náà ló ń ṣe gbogbo ayé.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ máa ṣọ́ wọn nídìí ṣẹ́ẹ̀fù. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń to ìwé, ọwọ́ wọn sì ni mò ń wò. Ọmọ kan á fa ìwé yọ, á fi àtàǹpàkò ṣí i fìrìfìrì láti ẹ̀yìn wá síwájú, kò ka nǹkan kan, àwòrán ló ń wá. Òmíràn á fi ìka méjì wọn bó ṣe nípọn tó, tó bá ti ju bó ṣe rò lọ á rọra dá a padà. Òmíràn á ṣí àárín gbùngbùn, á ka ìlà mẹ́ta mẹ́rin, á wá padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹta yẹn ti mọ̀wé yàn, kò kàn tíì sẹ́ni tó sọ fún un ni. Mo máa ń sún mọ́ ọn, màá ní "mo rí i pé àárín lo kọ́kọ́ kà, kí lò ń wá níbẹ̀?" Ọmọ tí kì í la ẹnu á sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sínú jọ́tà yín ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an, ẹ má tún un ṣe.

TíṣàÀgbà
Ohun tí olùtọ́jú láíbìrì sọ yẹn ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ náà. Èyí tí mo máa fi kún un ni ìtàn ìwé kíkà. Ẹ fún ọmọ ní bébà ńlá, kó fa ìlà kan láti ìgbà tó ti lè rántí títí dòní, kó máa kọ ohun tó ti kà sí ara ìlà yẹn, ibi tó dùn kí ìlà gòkè, ibi tó nira kó sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ sọ fún wọn dáadáa pé gbogbo nǹkan ló wọlé o: àkọlé ara ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, àlàyé inú géèmù, ìwé mímọ́, mẹ́sééjì orí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí ọṣẹ. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ìwé kíláàsì nìkan ni wọ́n máa kọ, nítorí òun ni wọ́n mọ̀ sí kíkà. Kí ẹ̀yin náà fa tiyín sójú pátákó, kẹ́ ẹ sì fi ibi tó sọ̀ kalẹ̀ hàn wọ́n.

Ibi tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Nínú èyí tí mo ti rí, ibi tí ìlà ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń jẹ́ àsìkò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ dìde níkọ̀ọ̀kan láti kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì láìjẹ́ kó gbára dì. Ọmọ á ti máa ka iye ẹni tó wà níwájú òun, á wá ìpínrọ̀ tó máa kan òun, á máa kà á sínú pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ohun tí àwọn yòókù ń kà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà sókè, ẹ fún wọn níṣẹ́ ọ̀hún lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á ní méjì méjì fún ara wọn ná.

MàmáÌbejì
Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tíṣà o, òbí ni mo jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìbejì mi. Ọ̀kan, ìwé kan náà ló ń kà ṣáá, tó bá parí ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ọ̀hún ti já tán. Èkejì, ẹ máa bá ìwé mẹ́fà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀, kò parí ìkankan. Bàbá wọn ní ká gba ìwé yẹn lọ́wọ́ tàkọ́kọ́, ká sì ní kí èkejì má fọwọ́ kan tuntun títí á fi parí èyí tó wà lọ́wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣe é? Mi ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún wọn.

TíṣàÀgbà
Màmá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tó ń tún ìwé kà, lẹ́ẹ̀kíní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló ń lé, ìgbà tó ti wá mọ̀ ọ́n ló ń ráyè wo bí wọ́n ṣe gbé ìtàn kalẹ̀, ibi tí òǹkọ̀wé ti fi nǹkan pa mọ́, ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu. Ìwé tó ti mọ̀ sì máa ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀, pàápàá tí nǹkan mìíràn nílé tàbí ní ilé ìwé bá ń yí padà. Ẹ kàn bi í pé "kí lo rí lọ́tẹ̀ yìí tí o ò rí tẹ́lẹ̀?" Ẹ gbé ìwé mìíràn tí ẹni kan náà kọ sí tòsí ẹ̀, kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan.

Èkejì yẹn, ìdí tó fi fi í sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ṣé lẹ́tà inú ẹ̀ kéré jù ni? Ṣé ìtàn náà pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹni tí ìtàn dá lé lórí ni kò wù ú? Ọmọ tó bá lè sọ pé "mo fi í sílẹ̀ torí wọ́n ń ṣàpèjúwe ilé fún ojú ewé mẹ́rin, èmi sì fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀" ti mọ nǹkan kan nípa ara ẹ̀, ìwé tó kàn á sì rọrùn láti bá a wá. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibì kan náà ló ti ń fi gbogbo wọn sílẹ̀, bíi ibi tí orúkọ èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìrànlọ́wọ́ ló ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ kọ orúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn sórí bébà pélébé kan, kó fi há ojú ìwé, ẹ ó rí i pé á tẹ̀ síwájú. Òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé kan tó ti ṣe tíṣà rí, Daniel Pennac, to ẹ̀tọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ fún òǹkàwé lọ́dún 1992. Ẹ̀tọ́ láti má parí ìwé wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti tún ìwé kà náà wà níbẹ̀. Ìbejì yín ti pín in láàárín ara wọn.

MàmáÌbejì
Ẹ ṣeun gan-an sà. Màá ka eléyìí sí bàbá wọn létí lálẹ́ òní.

BàbáỌmọMẹ́ta
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Ọmọ mi àárín, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò fọwọ́ kan ìwé ìtàn rí. Kọ́míìkì ni, tí kò bá jẹ́ kọ́míìkì, orí fóònù ló ti ń ka bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù àti ẹni tí kílọ́ọ̀bù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Tíṣà ẹ̀ ní kò kàwé. Ṣé òǹkàwé náà nìyẹn?

Olùtọ́júLáíbìrì
Òǹkàwé ni, sà, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó di pé ọ̀rọ̀ tíṣà ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Kọ́míìkì kì í ṣe eré. Ọmọ ń ka ọ̀rọ̀, ó ń ka ojú èèyàn, ó ń tẹ̀ lé àpótí láti èyí tó ṣáájú dé èyí tó kàn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láàárín àpótí méjì, wọn ò yà á, òun fúnra ẹ̀ ló ń fi orí ẹ̀ dí àlàfo yẹn. Ẹ ní kó ṣàlàyé ojú ewé kan fún yín, ẹ ó gbọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣe.

Ti bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní 1988, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Donna Recht àti Lauren Leslie, kó akẹ́kọ̀ọ́ 64 jọ, àwọn tó mọ̀wé kà dáadáa àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà tó bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan mọ eré baseball, apá kejì ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fún gbogbo wọn ní ìròyìn eré baseball kan kà, wọ́n wá ní kí wọ́n fi ère kéékèèké ṣe ohun tí wọ́n kà lórí pápá kékeré kan tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀wé kà dáadáa àmọ́ tí wọ́n mọ eré náà ló ṣe é dáa ju àwọn tó mọ̀wé kà tí wọn ò mọ eré lọ. Ohun tọ́mọ bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń gbá ohun tó ń kà mú. Nítorí náà ọmọ yín, tó bá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, òǹkàwé tó gbówọ́ ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbéra: ìtàn ìgbésí ayé àwọn agbábọ́ọ̀lù, ìwé nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtàn ìlú tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti wá. Ẹ má sì gba kọ́míìkì lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí ìyẹn.

TíṣàTuntun
Ẹ kú ọgbọ́n o. Níbi tí mo wà a ní ṣáàtì lára ògiri, ìwé kan, stíkà kan, ẹni tó bá ní stíkà jù ní ìparí tááàmù gba ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ń sáré ka ìwé. Ṣé ká máa bá a lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ÈtòẸ̀kọ́
Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń sáré kà yẹn ná. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó tinrín jù ni wọ́n ń mú, iye ni wọ́n ń wá nìyẹn. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí nǹkan báyìí lọ́wọ́, ìwádìí kan sì wà tó ti pẹ́ tí gbogbo wa ń padà sí, èyí tí Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ṣe ní 1973. Ọmọ jẹ́léósinmi ni wọ́n lò, ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn tó fẹ́ràn àtimáa fi máàkà ya àwòrán láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n yà á. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí tó ní ìràwọ̀ wúrà àti ríbọ́nnì fún àwọn kan tí wọ́n bá ya àwòrán, àwọn kan gba irú ẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kó máàkà síta fún gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún ò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́, nǹkan bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò nídìí ẹ̀ ni wọ́n lò. Àwọn tó gba ẹ̀bùn láìròtẹ́lẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Mi ò wá sọ pé kẹ́ ẹ fa ṣáàtì ya lọ́la o, torí àwọn ọmọ á rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni àwọn ṣẹ̀. Ẹ kàn yí ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn padà. Dípò iye, kí ọmọ kọ orúkọ ìwé kan àti orúkọ ọmọ kíláàsì kan tó rò pé ìwé yẹn máa dùn mọ́, pẹ̀lú ìdí ẹ̀. "Mo rò pé á dùn mọ́ ọ torí ajá wà níbẹ̀, ajá náà kì í sì í kú." Ẹ wo ohun tí ọmọ ní láti mọ̀ kó tó lè kọ ìyẹn: ó mọ ìwé náà, ó mọ irú òǹkàwé tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ́, èyí tó máa jẹ́ kó bi ara ẹ̀ léèrè irú tí òun náà jẹ́. Ẹni tí wọ́n sì dárúkọ lára ògiri yẹn, inú ẹ̀ á dùn pé ẹnì kan ronú nípa òun.

TíṣàKíláàsìKẹrin
Eléyìí wọ̀ mí lọ́kàn, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n béèrè òmíràn. Ṣẹ́ẹ̀fù kíláàsì wa, àmì àwọ̀ ló wà lára gbogbo ìwé, pupa fún èyí tó rọrùn, búlúù fún èyí tó le díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí ọmọbìnrin kan tó fi ọwọ́ bo àmì yẹn ní gbogbo àsìkò tó fi ń kàwé, ìka ẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé. Ó dùn mí.

TíṣàÀgbà
Ẹ yọ àmì yẹn kúrò níta ìwé. Irene Fountas àti Gay Su Pinnell tí wọ́n ṣe ètò ìpele A sí Z tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi ń wọn bí ìwé ṣe le tó, àwọn fúnra wọn ti sọ ọ́ síta pé irinṣẹ́ tíṣà ni ìpele, pé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ láti yan ìwé fún ìkọ́ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, tàbí kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ kékeré sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ tò ó bí àwọn ọmọ ṣe ń béèrè ìwé: ìwé ẹranko, ìwé tó ń bani lẹ́rù, ìwé apanilẹ́rìn-ín, ìwé ọ̀rẹ́ tó jà tó parí ìjà. Ó tiẹ̀ dáa kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn tò ó, ìjiyàn tí wọ́n máa ṣe lórí ibi tí ìwé kan yẹ kó wà tó kíláàsì kan fún ara ẹ̀.

TíṣàÀkànṣe
Ẹ kú àlàyé gbogbo yín, àmọ́ mo fẹ́ dúró síbì kan tí mi ò rí ẹni tó dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń tiraka gan-an ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà míì tọ́mọ bá ní "mo kórìíra ìwé", ohun tó ń sọ ni pé "mi ò tíì lè kà á". Tẹ́ ẹ bá ń bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ irú òǹkàwé tó jẹ́ láìkọ́ ọ bí lẹ́tà ṣe ń di ohùn, tí ohùn ń di ọ̀rọ̀, ẹ ti fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé ó ń wo lẹ́tà àkọ́kọ́ kó tó wá méfò yòókù? Ṣé ó ń fo ìlà? Ṣé inú máa ń run ún ní gbogbo ìgbà tí àsìkò ìwé kíkà bá tó? Ṣé ó ń fà mọ́ pátákó láti ríran? Ẹ ní kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, tó bá sì jọ dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kí ọ̀rọ̀ inú ìwé nira fún ọmọ láti kà, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ kíá, ẹ má ní ó máa dàgbà kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe àìgbọ́n, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àmọ́ bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ má sé e mọ́ta kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọ tó ń tẹ́tí sí ìwé tí wọ́n ti kà sílẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ń kàwé sí létí, lè bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jiyàn lórí ìtàn náà, ó lè sọ irú ìtàn tó wù ú, ó lè sọ pé ìparí rẹ̀ ò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó lè mọ ohun tó wù ú tipẹ́ kí ojú ẹ̀ tó lè yára lórí ìwé. Mo ti rí ọmọ tí kò lè ka ìpínrọ̀ kan tán tó jẹ́ pé òun ló mọ ìwé yàn fún ẹlòmíì jù ní kíláàsì. Iṣẹ́ méjèèjì jọ ń lọ ni.

TíṣàÀgbà
Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ mọ́ ti ṣẹ́ẹ̀fù yẹn: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà ṣì nílò ìwé tí ohùn inú ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti kọ́ ọ, lásìkò ẹ̀kọ́. Ìwé tó bá wù ú ló máa mú nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí.

ÌyáÌlúÒkèèrè
A kó kúrò nílùú wa lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, èdè méjì ni àwọn ọmọ mi ń kà. Àgbà wọn ka èdè ilé ìwé geere, tó bá di èdè ilé, á máa wá ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì ti ń sọ pé òun ò mọ̀wé kà. Tíṣà ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ka èdè kejì rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ÈtòẸ̀kọ́
Ẹ sọ fún tíṣà ẹ̀, màmá, ó yẹ kó mọ̀. Nínú ìbéèrè tí olùtọ́jú láíbìrì kọ sókè yẹn, ó yẹ ká fi èdè kún un: èdè wo lo fi ń ka ohun tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, èdè wo lo fi ń gbàdúrà, èdè wo ni ẹni tó ń kàwé fún ọ nílé fi ń kà? Ọmọ kan lè jẹ́ òǹkàwé tó ń sáré nínú ọ̀kan, kó jẹ́ ẹni tó ń rọra tẹ̀ ẹ́ nínú èkejì, méjèèjì ni òun. Kó máa ka ìwé tó rọrùn ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ fún àbúrò ẹ̀ ní èdè ilé. Ojú ò ní tì í, torí àbúrò ló ń kà á fún.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìwé tí ọmọ ti ń rí ara ẹ̀. Ní 1990, ọ̀jọ̀gbọ́n Rudine Sims Bishop kọ ọ́ pé ìwé lè jẹ́ fèrèsé tí èèyàn ń gbà wo ayé ẹlòmíì, ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé sínú ẹ̀, ó sì lè jẹ́ dígí tó ń rí ara ẹ̀ nínú. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ, àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà nínú wọn, ò rí ara wọn nínú ìwé tí wọ́n ń fún wọn, tàbí kí wọ́n rí ara wọn bí ẹni yẹ̀yẹ́. Gbogbo tíṣà ló ń sọ̀rọ̀ yìí báyìí, àmọ́ ibì kan wà tí mo rò pé a ti ń ṣì í lò. Tíṣà á wo ọmọ, á wo àwọ̀ ẹ̀ tàbí ibi tó ti wá, á gbé ìwé lé e lọ́wọ́, á ní "ìwọ nìyí". Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ náà ti fẹ́ rí ara ẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń wá ni ìtàn ọmọ tí òbí ẹ̀ pínyà, tàbí ọmọ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, tàbí ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́ ní ilé ìwé tuntun. Ẹ kó oríṣiríṣi síta, kẹ́ ẹ rí i pé gbogbo wọn wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ mú un. Tọ́mọ bá sì ń ka ìwé kan ní ìkọ̀kọ̀, bíi ti ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú, ẹ má ní kó wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ níwájú kíláàsì. Àwọn ìwé kan wà tó jẹ́ tèèyàn nìkan.

TíṣàTuntun
Ọ̀gá wa ní gbogbo èyí ń gba àsìkò, tẹ́ẹ̀sì ni kí n gbájú mọ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Akẹ́kọ̀ọ́ÈtòẸ̀kọ́
Ẹ sọ ti PIRLS fún un, ìdánwò ìwé kíkà tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ kíláàsì kẹrin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2001, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe é. Wọn kì í fi mọ sí ìdánwò nìkan, wọ́n tún ń bi àwọn ọmọ bí kíkà ṣe rí lára wọn àti bóyá ó dá wọn lójú pé àwọn lè kà á. Àwọn tó ní ó dá àwọn lójú sábà máa ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má sọ fún ọ̀gá pé ìfẹ́ ìwé nìkan ló fa máàkì o, torí ẹni tó ń ṣe dáadáa náà ni ìwé á máa wù, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni. Àmọ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò bá rí i pé ó yẹ láti béèrè, ó yẹ kí ilé ìwé náà béèrè.

TíṣàKíláàsìKẹrin
Mo ti kọ púpọ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọmọ tí mo ní pọ̀, báwo ni mo ṣe máa ráyè bá wọn sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan? Èkejì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa kọ rípọ́ọ̀tì, mi ò fẹ́ kọ "ó ń ṣe dáadáa, kó tẹra mọ́ ọn" mọ́.

Olùtọ́júLáíbìrì
Ti àkọ́kọ́, ẹ fún gbogbo kíláàsì láyè láti kàwé tó wù wọ́n lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà, ẹ jókòó ti ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi í ní "kí ni orúkọ olórí ìtàn", ó máa mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹ ní "ibo lo dé?", "báwo ló ṣe jẹ́ pé èyí lo mú?", kẹ́ ẹ dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ máa yí ká bẹ́ẹ̀, ẹ máa kàn wọ́n tán kẹ́ ẹ tó padà sórí ẹni àkọ́kọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó dákẹ́, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ló máa ń gba gbogbo àsìkò tíṣà.

TíṣàÀkànṣe
Ìwé tí wọ́n kọ "irú òǹkàwé tí mo jẹ́" sí yẹn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kọ "mi ò fẹ́ràn ìwé gígùn" lónìí kó wà nínú ìwé gígùn kan tó bá di tááàmù tó ń bọ̀, tó bá sì wà lára ògiri á máa rò pé òun gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí òun kọ. Kó wà nínú fáìlì tirẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún un padà ní ìbẹ̀rẹ̀ tááàmù pẹ̀lú bírò, kó fa ìlà sí ohun tí kì í ṣe òótọ́ mọ́, kó kọ tuntun sábẹ́ ẹ̀.

TíṣàÀgbà
Rípọ́ọ̀tì ni tèmi. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí òbí lè ṣe sí i. Fún ọmọ kòkòrò yẹn, bí àpẹẹrẹ: "Ó ń ka ìwé nípa ẹ̀dá alààyè, ó ń fi ohun tó kà nínú ìwé kan yẹ òmíràn wò, ó sì máa ń sọ tí méjèèjì ò bá bára mu. Ó máa ń yan ìwé tó ní àwòrán tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ka ojú ewé kan fún yín nílé lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó gbà á gbọ́." Ẹ ka rípọ́ọ̀tì ọ̀hún sí ọmọ náà létí kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ bi í bóyá òun nìyẹn. Tó bá ní rárá, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jọ tún un kọ.